Epo Tó Kù Nínú Ìjàpá

Ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni Másùn tì bọ inú tánkì ọkọ̀ náà, nígbà tó sì yọ ọ́ jáde, ìdí rẹ̀ rẹ gbindin.

Ó gbé e sí imú. Epo ni. Ó tún tì í wọlé, ó jẹ́ kó kanlẹ̀, ó fà á yọ. Ibi tó rẹ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìdajì ìka àgbàlagbà.

"Kọ́púrù," ó pe ọkùnrin tó jókòó lábẹ́ òrùlé páànù ní ọgbà tésàn, tó ń mu tíì. "Ta ló sọ fún ọ pé epo tán nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ta ló tún máa sọ, mà? Ọkọ̀ dúró sójú títì, wọ́n ń sítáàtì ẹ̀, kò dáhùn. Bí epo ò bá tán, ṣé oorun ló ń kùn ún ni?"

"Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò?"

Kọ́púrù wo inú ife rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. "Mo wá aago epo níwájú sítíárìn, n ò rí i. Aago eré nìkan ló wà níbẹ̀, ó dá dúró bí ọmọ òrukàn."

Másùn kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá tésàn náà ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé bí ẹjọ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sùn, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìdí rẹ̀ kì í kan àga. Ìdúró ló fi ń jẹun, ìdúró ló fi ń kọ̀wé. Láti àárọ̀ ló ti ń yí ọkọ̀ náà po, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fa ọ̀nà sínú iyanrìn.

Ọkọ̀ ìjàpá ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ibi ìkẹ́rù rẹ̀ wà níwájú. Ti Jámánì ni. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, àwọn tó mọ̀ sì sọ pé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe irú ẹ̀. Àwọn tó kù láyé ò pọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan máa wá wò ó, kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀ sínú ìtàn wọn. Ìgbà yìí gan-an ni ọkọ̀ náà wá lọ ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìdájí àná, ọkọ̀ náà jáde nínú gáréèjì agbẹ̀bí àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó dé kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, ó gbá bàbá kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì. Ẹni tó wà á ò sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ síwájú díẹ̀, ó dákẹ́, ẹni náà sì fẹsẹ̀ fẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ọlọ́pàá dé ilé agbẹ̀bí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń bẹ lórí ìṣó rẹ̀ ní pálọ̀, géètì sì wà ní títì láti inú. Ẹni tó lọ ti padà wálé, ó sì ti gbé nǹkan sí àyè ẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta ló sun ilé náà: Màmá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ tó wá kí i nítorí àlejò tó ń bọ̀, àti àbíkẹ́yìn rẹ̀, káfíńtà, tó ń bá a gbélé. Káfíńtà yìí nìkan ló máa ń wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ òórùn epo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó parí. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ní lọ́la ni kóòtù.

Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, Màmá Agbẹ̀bí di ọwọ́ Másùn mú, ọwọ́ tó ti gba ọmọ tí ò lóǹkà. "Ọmọ mi ò lè gbá èèyàn kó sì sá. Bá mi wá òtítọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́, bá mi wá a."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí Másùn fojú kan oorun.

*

Baba Oníbúrẹ́dì na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì líle wé sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Ẹ má bi mí ní ojú ẹni tó wà á, mà. Iná ọkọ̀ ló kún ojú mi."

"Etí ni mo fẹ́ bi, Baba. Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ gbàgà! Èmi nìyẹn. Búrẹ́dì fọ́n ká. Ọkọ̀ ò dúró. Ó lọ síwájú, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá dákẹ́. Mo ní, Ọlọ́run ti mú un! Mo wá ń pariwo pé ẹ gbà mí o. Ẹni yẹn jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹ sítátà ṣáá. Rìrìrìrì. Á sinmi, á tún tẹ̀ ẹ́. Àfi bí ẹni tó ń bẹ ọkọ̀."

"Ṣé ó pẹ́ níbẹ̀?"

"Ọmọ mi, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kán, ṣé ó mọ ohun tó ń jẹ́ pípẹ́? Lójú tèmi, ìyẹ̀fun ì bá ti wú tán. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, gbàù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré." Bàbá náà yíjú sí ògiri. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Ó gbọ́ mi. Ibi tó jókòó sí, kò sí bí ò ṣe ní gbọ́ mi."

Másùn ti ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ tó fẹ́ sá, kí ló máa ń jókòó ṣe síbẹ̀? Ó fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra lóòótọ́ ni. Epo sì wà nínú tánkì. Kí ló dé tí kò gbéra?

*

Nínú sẹ́ẹ̀lì, Àbíkẹ́yìn ò tíì sùn. Ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun pákó.

"Epo ọwọ́ ẹ ńkọ́?" Másùn bi í láìkí i.

"Fáníìṣì ni mo fi epo fọ̀, mà. Ẹ wo èékánná mi."

"Ta lo rò pé ó gbé e?"

"Baba Onírin. Ìgbà mẹ́ta ló ti wá bẹ Màmá pé kó ta ọkọ̀ yẹn fóun. Èyí tó wá kẹ́yìn, ó fi ìbínú lọ."

"Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Baba Onírin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú méjèèjì ló wà nínú báńdéèjì. A ti débẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a di bàtà."

Àbíkẹ́yìn sorí kọ́. Másùn gbá ògiri sẹ́ẹ̀lì pẹ́pẹ́ pẹ̀lú bírò rẹ̀, ó yí padà lójijì.

"Bí ọkọ̀ Màmá bá dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú títì, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Ọmọkùnrin náà la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ó na ẹsẹ̀ síwájú lábẹ́ tábìlì, ó fi ọmọ ìka yí nǹkan kan tí ò sí níbẹ̀.

"Kí lẹsẹ̀ ẹ ń ṣe?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Ó wá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Háà! Epo ìpamọ́ ni, mà. Ẹ ò rí i pé kò ní aago epo? Ayé ìgbà yẹn, àwọn tó ṣe é ò fi sí i. Ìdè irin kékeré kan, bí èyí tí wọ́n fi ń ṣí omi ẹ̀rọ, ni wọ́n fi síbi ẹsẹ̀. Tí epo bá lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹ ó fẹsẹ̀ yí ìdè yẹn, èyí tó kù nísàlẹ̀ tánkì á ṣí, ẹ ó sì wà á lọ ra epo. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé epo ti tán pátápátá. Màmá kọ́ mi kó tó kọ́ mi ní..."

Kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Másùn ti jáde.

Nínú ọgbà, ó wọnú ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ wá ìdè náà, ó rí i, ó yí i. Ó tẹ sítátà. Ọkọ̀ náà bú jáde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tíì Kọ́púrù sì dà sí i lára.

"Yéè! Kí lẹ bù sí i, mà?"

"N ò bu nǹkan kan sí i. Ara ẹ̀ ló ti wà."

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Tésàn ò gbà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó na ikùn síwájú. "Jìnnìjìnnì ló mú ọmọ yẹn, ó gbàgbé. Ta ni ò ní gbàgbé, lẹ́yìn tó ti gbá èèyàn?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbàgbé nínú sẹ́ẹ̀lì, sà."

"Ẹsẹ̀ ò lè jẹ́rìí ní kóòtù, Másùn. Lọ́la ni." Ó wọlé padà.

Kọ́púrù ní kóun kúkú gbé ọkọ̀ náà síbi òjìji. Ó wọlé, ó fa ọ̀pá gíà síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, ó làágùn. Ọkọ̀ ò padà sẹ́yìn, iwájú ló ń sún sí, títí bọ́ńpà rẹ̀ fi kan ògiri bíríkì pupa ọgbà náà. Kọ́púrù sọ̀kalẹ̀ tìbínú-tìbínú.

"Níbo làwọn Jámánì yìí fi rìfáàsì sí? Ṣé wọ́n gbé e padà sílé ni?"

"Àwọn tó mọ̀ ní kéèyàn kọ́kọ́ tẹ ọ̀pá yẹn wọlẹ̀," ni Másùn ń wí, àmọ́ bọ́ńpà ló ń wò. Àpá pupa tuntun wà níbẹ̀, ti ògiri tésàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpá mìíràn wà, funfun. Kò sí ohun funfun kankan lójú ọ̀nà bíríkì. Kẹ̀kẹ́ Baba Oníbúrẹ́dì, dúdú ni.

Ó ti gbé àpò rẹ̀. "Kọ́púrù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jẹ́ ká lọ."

*

Ògiri gáréèjì Màmá Agbẹ̀bí, funfun ni. Ní ìwọ̀n orúnkún, níbi tí imú ọkọ̀ máa ń kọjú sí, ibì kan ti bó, ọ̀dà rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ kankan ò tíì tẹ̀ ẹ́. Másùn fọwọ́ kan ibẹ̀, ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Ẹni tó gbé ọkọ̀ náà ṣe bí tìẹ," ó sọ fún Kọ́púrù. "Ó ń wá rìfáàsì, ó lọ gbá ògiri. Àbíkẹ́yìn ń wọlé ń jáde níbí lójoojúmọ́. Ṣé òun ló máa wá rìfáàsì tì?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà."

"Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó rí i, torí ọkọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí à ń wá ti mọ rìfáàsì báyìí, kò sì mọ epo ìpamọ́. Inú ilé yìí ló sì sùn."

Kọ́púrù kà á lórí ìka. Nígbà tó kà á dé òpin, ó ká ìka náà mọ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Màmá Agbẹ̀bí wà ní pálọ̀, ó jókòó sábẹ́ ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. "Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn." Másùn rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. "Màmá, bí ọkọ̀ yín bá dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́..."

Ẹsẹ̀ ìyá náà ti yí nínú sálúbàtà kó tó parí ọ̀rọ̀. Másùn mí kanlẹ̀. Ohun tó kù láti béèrè ò dùn ún sọ lẹ́nu.

"Nínú ilé yìí, ta ni ò kọ́ láti wà á?"

Màmá Agbẹ̀bí gbójú sókè wo ìṣó náà. Ó ti bá ọ̀pọ̀ obìnrin jókòó ní wákàtí ìrora, ó mọ ìgbà tí nǹkan ń bọ̀ tí kò ṣeé dá padà mọ́.

"Àkọ́bí mi," ó wí.

"Kí ló dé?"

"Dókítà tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń lọ gbẹ̀bí káàkiri. Inú ẹ̀ ni mo bí Àkọ́bí sí. Mo ń lọ bá ẹlòmíràn gbọmọ ni ọmọ tèmi ní ọ̀nà òun ti yá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Nígbà tó tó ọmọ ọdún méje, ó wọ inú ọkọ̀ lọ ṣeré, ó yọ bírékì ọwọ́. Ọkọ̀ yí lọ sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan ń rọbí, ó ń retí mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi lọ. Nígbà tí n ó fi débẹ̀, ọmọ tó fẹ́ bí ti kú."

Kọ́púrù ṣí fìlà.

"Mo búra lójú ẹ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ò ní kan sítíárìn yẹn mọ́ láéláé. Ọmọdé ni. Kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti búra. Ó dàgbà, ó níyàwó, ó ń ta ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà fáyé, mi ò gbà fún un. Lánàá ló yẹ kí n gbé kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́, pé tìẹ ni."

Ó wo Másùn tààrà. "Ìwọ ń rìn kiri inú ilé mi bí ológbò tí iná jó. Ohun tí o mọ̀, sọ ọ́."

"N ò tíì mọ̀ ọ́n tán, Màmá. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ wá bá mi jókòó sínú ọkọ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ yìí, ṣé ẹ ó wá? Ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní fẹsẹ̀ kan nǹkan kan."

Ìyá náà fọwọ́ pa ìṣó náà. "Èmi ni mo ní kí o bá mi wá òtítọ́," ó wí. "Mo máa wá."

*

Gbọ̀ngàn onígíláàsì ni ibi tí Àkọ́bí ti ń ta ọkọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, táì rẹ̀ gún régé. Lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé orúkọ rere sàn ju wúrà lọ.

"Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ń dùn mí, mà," ó wí. "N ò lè jẹun."

"Sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ yín fún mi. Mo fẹ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń bá ṣẹjọ́."

Ojú rẹ̀ là. Kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀. "Kí ogun ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣèlérí fáwọn mẹ̀kúnnù Jámánì pé ọkọ̀ máa dé ẹnu ọ̀nà oníkálukú. Àwọn èèyàn ń ra sítáǹbù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ogun dé, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó rí ọkọ̀ gbà. Bọ́ǹbù wó ilé-iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀mọ̀ràn onímọ́tò wá láti ìlú mìíràn, wọ́n wo ìjàpá yìí, wọ́n ní ariwo ẹ̀ pọ̀, ojú ẹ̀ ò dáa, ta ló máa rà á? Mà, ó lé ní ogún mílíọ̀nù tí wọ́n tà!"

"Nígbà ogun yẹn, ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni, ní tipátipá. Ilé-iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ síta fúnra ẹ̀. A kì í fìyẹn bẹ̀rẹ̀ fún oníbàárà ṣá."

"Kí ló dé?"

"Orúkọ ni, mà. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ́ ọ, ọjọ́ kan ló fi ń wó."

"Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ síta náà."

"Wọ́n sọ ọ́."

"Ó wó bí?"

Àkọ́bí yíjú sí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀. Másùn ti rìn yí ọkọ̀ tuntun mẹ́ta ká, ó padà wá dúró níwájú rẹ̀.

"Bí ọkọ̀ Màmá bá dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Èmi? N ò wà á rí láyé mi. Gbogbo ẹbí ló mọ̀."

"Ká ní o wà á."

"Màá sọ̀kalẹ̀ lọ wá epo." Bàtà rẹ̀ dúró gbọnin lórí ilẹ̀ dídán náà, kò mira.

"Ṣé epo nìkan ló lè ṣe ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ tiwa kì í ṣàdédé dákẹ́, mà. Bó bá dákẹ́, epo ló tán." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, Másùn sì rí i pé ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò, ó jẹ́ kó máa fì lórí ìka rẹ̀. "A ti parí àyẹ̀wò. Àbúrò ẹ wà ní sẹ́ẹ̀lì, ojú Màmá ò gbé e mọ́. Ìwọ ló kù láti bá wa gbé e lọ sílé."

"Èmi? Màmá ò ní gbà."

"Màmá ti gbà. Ó ní òun á jókòó tì ọ́."

Ẹni bá rí bí ọkùnrin náà ṣe wo kọ́kọ́rọ́ yẹn, á káàánú rẹ̀. Másùn káàánú rẹ̀. Ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

*

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọgbà tésàn. Másùn ti yí ìdè epo padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀; epo díẹ̀ tó kù nínú ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọkọ̀ máa fi gbéra. Imú ọkọ̀ ṣì kọjú sí ògiri pupa. Màmá Agbẹ̀bí ti jókòó sínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi awakọ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ àga.

Ọ̀gá Tésàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Kọ́púrù wà lábẹ́ páànù pẹ̀lú tíì míì. Másùn dúró síbi fèrèsé ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lábẹ́ rẹ̀ láìsí ìlù.

"Ẹ káalẹ́, Màmá," Àkọ́bí wí.

"Wọlé, ọmọ mi."

Ó wọlé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Ó tẹ sítátà, ọkọ̀ jí. Ó di ọ̀pá gíà mú, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́, ó yípo, ó kọjú sí géètì.

Ife Kọ́púrù dúró lágbedeméjì ẹnu àti àyà. Ó yíjú wo Ọ̀gá Tésàn. Ọ̀gá Tésàn ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí géètì, Másùn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì dé géètì tó fi húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó dákẹ́.

Àkọ́bí tẹ sítátà. Rìrìrìrì. Ó sinmi, ó tún tẹ̀ ẹ́. Òógùn yọ lẹ́tí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Màmá Agbẹ̀bí ti gbéra lábẹ́ àga, ó ti fẹ́ lọ síbi ìdè irin náà fúnra rẹ̀. Ó dá a dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò lọ síbì kankan. Ó wá gbójú sókè wo ojú rẹ̀.

"Epo ti tán, Màmá," ọmọ náà wí.

"Ta ló kọ́ ọ ní rìfáàsì?"

Àkọ́bí mú ọwọ́ kúrò lórí sítátà.

"Ọkọ̀ tí o ò wà rí," ìyá rẹ̀ wí. "Mo jókòó síbí, mò ń wò ọ́. Àbúrò ẹ gan-an, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bá rìfáàsì yẹn jà. Ta ló kọ́ ọ?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Eléyìí ò tilẹ̀ lọ fún ọjọ́ méjì.

"Mo kàn fẹ́ wà á lẹ́ẹ̀kan ni," Àkọ́bí wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Lánàá lẹ fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní kí n wà á dé ibi bíríkì, kí n dá a padà kẹ́ ẹ tó jí. Inú ẹ̀ lẹ bí mi sí, Màmá. Inú ẹ̀ lẹ bí mi sí!"

"Bàbá yẹn ń ké. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Àbúrò ẹ sun sẹ́ẹ̀lì."

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Iṣẹ́ mi, orúkọ mi..." Ó gbé orí lé sítíárìn. Ó sunkún bí ẹni tí ò tíì sunkún láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Ọ̀gá Tésàn gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Másùn na ọwọ́ sí i, ó dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ti dúró gbári, kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti dákẹ́.

Nínú ọkọ̀, Màmá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ tó kú lọ́jọ́ yẹn, ìwọ kọ́ lo pa á. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ. Mo jẹ́ kí o gbé e dàgbà." Ó nu imú. "Èyí tí o ṣe lánàá, ìwọ lo ṣe é. Mi ò lè bá ọ gbé ìyẹn."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Gbórí sókè. Na ẹsẹ̀ ẹ síwájú. Rárá, ó kù díẹ̀. Ìdè irin kan wà níbẹ̀, ṣé o gbọ́ ọ? Yí i."

Ẹsẹ̀ Àkọ́bí wá a kiri. Ó rí i. Ó yí i.

"Tẹ sítátà báyìí."

Ọkọ̀ náà bú jáde. Àkọ́bí wo ìyá rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Wà á," ìyá rẹ̀ wí. "Wà á dé ẹnu ọ̀nà tésàn."

Ibi tí wọ́n wà sí ẹnu ọ̀nà tésàn ò jìnnà, ọmọdé lè sọ òkò débẹ̀. Àkọ́bí yí sítíárìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ òjìji kọjá, ó gba iwájú Kọ́púrù tó ti dìde dúró, ó rọra gbé ọkọ̀ náà dúró síwájú àtẹ̀gùn níbi tí Ọ̀gá Tésàn wà. Ó fa bírékì ọwọ́, ó fà á dáadáa. Ó pa ọkọ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ìyá rẹ̀.

Màmá Agbẹ̀bí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"O mọ ọkọ̀ wà," ó wí.

Àkọ́bí ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn ọlọ́pàá nínú tésàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣí sẹ́ẹ̀lì fún àbúrò rẹ̀.